Ẹni Tó Ń Pe Màmá Mi Ní Àbẹ̀kẹ́

Òórùn ẹja yíyan àti ti omi ọ̀sà ló máa ń gba ojú fèrèsé wọlé bá wa nínú yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a háyà ní Olówógbowó l'Ékòó, níbi tí ẹgbẹ́ wa kékeré ti ń ṣe ètò rédíò nípa àìsàn ọpọlọ àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ìwé pélébé la kọ́kọ́ ń pín ní Marina, àwọn ẹlẹ́pà sì ń fi wé ẹ̀pà. Lẹ́yìn ìyẹn la bọ́ sórí rédíò, èmi sì ni atọ́kùn. O mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí láàárín wa: bí wọ́n bá gbọ́ pé orí ẹnìkan dàrú nílé yín, ta ni yóò wá fẹ́ ọmọ níbẹ̀? Mo sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi, fóònù ò dún.

Ni ẹgbẹ́ wa bá mú nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, wá jókòó tì mí. Màmá yìí kì í béèrè orúkọ ẹni tó bá pè, oríkì ló ń béèrè. Bí o bá ti sọ ọ́ fún un, á fi ohùn dídùn pè ọ́, "Àjíkẹ́ o, Àjíkẹ́ mi, ṣé ara le?" Ẹni náà á sì bú sẹ́kún lódìkejì. Láìpẹ́, òun nìkan làwọn èèyàn ń fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Inú bí mi, kí n má purọ́. Èmi dáná, ẹlòmíràn wá ń yá a.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan pè, ó ní Àbẹ̀kẹ́ lòun. Kíá ni mo mọ ohùn náà. Màmá tó bí mi ni, láti ilé wa nítòsí Ìgà Ìdúńgànràn, ààfin ọba. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an mo bi wọ́n bóyá ara le, wọ́n ní, "Mo wà dáadáa jàre."

"Àbẹ̀kẹ́ mi, kí ló dé?" ni nọ́ọ̀sì bi wọ́n.

"Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, mà, mi ò rí oorun sùn. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ayé kàn sú mi ni."

Owú ló kọ́kọ́ gbé mi kí àánú tó dé. A jọ ń jẹun nínú ilé kan náà, àlejò ni wọ́n wá tú ọkàn wọn fún, létí gbogbo Èkó!

Nígbà tí mo délé, mi ò tilẹ̀ tíì bọ́ bàtà. "Màmi, ẹ mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lè pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ ni? Látìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ọmọ lè gbọ́ bùkátà ìyá rẹ̀, kò lè di ẹgbẹ́ rẹ̀ láé. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì náà pé màmá mi ni; òun ló mú wọn lọ rí dókítà, èmi ń gbé báàgì tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Wọ́n ti ń sùn báyìí, wọ́n sì ń jẹun.

Lọ́jọ́ Sátidé, láti ìsàlẹ̀ ilé wa ni nọ́ọ̀sì ti máa ń pariwo, "Àbẹ̀kẹ́ o!" Màmá mi á dáhùn bí ọmọge. Mo ṣì ń jowú, ó sì ń dùn mí. Àmọ́ èmi náà ni mo máa ń sáré lọ ṣílẹ̀kùn.