Ìgúnpá Mi, Sìmẹ́ńtì àti Iyán Ọjọ́ Ìsinmi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ro ohun tí ìgúnpá ọ̀tún fi ojú mi rí fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in. Èmi gan-an ti rín tèmi.

Làkúrègbé ti jẹ oríkèé ọwọ́ náà tán. N kò lè gbé òkèlè dé ẹnu mọ́. Dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń dáko ní Òmù, ní àwọn máa yọ oríkèé náà, àwọn á fi onírin rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà láti mú un dúró: kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì eegun lẹ̀ ẹ́, tàbí kí wọ́n lo èyí tí ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, tí wọ́n á kì bọ inú eegun ṣinṣin, kí eegun fúnra rẹ̀ hù mọ́ ọn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo kà ní yunifásítì, láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní adìyẹ jẹ? Ìmọ̀ ọjọ́ náà bá gùn mí. Mo ṣàlàyé fún dókítà pé ohun tó bá ta gbòǹgbò ló ń pẹ́, èyí tí a bá lẹ̀ yóò ṣí lọ́jọ́ kan.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní òótọ́ ni pé ti sìmẹ́ńtì lè tú bó bá pẹ́. “Ṣùgbọ́n Bàbá, ilẹ̀ wo ni tiyín fẹ́ ta gbòǹgbò sí? Eegun yín ti ṣá bí oko tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ sí láti ayébáyé.”

Ó wá bi mí ohun tí mo máa fi ọwọ́ náà ṣe. Mo ní kò ju kí n ṣí Bíbélì lọ.

Kí n tó pa ẹnu dé, ìyàwó mi, ọmọ Ìpáò, ti gba ọ̀rọ̀ náà. “Irọ́ ni, dókítà. Òun ló ń gún uyán ulé wa kí ọwọ́ yìí tó bà jẹ́. Ó ní tèmi máa ń ní kókó.”

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní ì báà jẹ́ sìmẹ́ńtì, ì báà jẹ́ gbòǹgbò, ọwọ́ náà kò gbọdọ̀ gbé ọmọ odó mọ́ láéláé.

Gbogbo àríyànjiyàn mi já sásán. Iyán gígún ni mo fi fẹ́ obìnrin yìí. Ìyá rẹ̀ jẹ ẹ́ tán kó tó béèrè ìwé tí mo kà.

Sìmẹ́ńtì náà ni wọ́n fi ṣe é. Bí wọ́n ṣe ń gbé mi wọlé lọ, ìyàwó mi bẹ dókítà pé bí sìmẹ́ńtì bá ṣẹ́ kù, kó bá òun fi díẹ̀ dí ẹnu mi.

Òkèlè ti ń dé ẹnu báyìí. Lónìí ọjọ́ Ìsinmi, ìyàwó mi gún iyán, ó gbé e síwájú mi, ó dúró tì mí. Òkèlè àkọ́kọ́, mo ko kókó. Mo fi ahọ́n tì í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní ṣé ó dáa? Mo ní ó kúnná.

Kí ẹ tó bá dókítà jiyàn lórí bí irin ṣe máa dúró, ẹ kọ́kọ́ sọ òótọ́ ohun tí ẹ fẹ́ fi ọwọ́ náà ṣe. Ẹ̀yin tí wọ́n ti pààrọ̀ oríkèé fún, kí ni wọ́n ní kí ẹ má ṣe mọ́? Ẹ sọ tiyín fún mi. Bí n kò bá tètè fèsì, ẹ má bínú, kókó ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi.