Làtífù Gbé Àpótí Oúnjẹ Lọ sí Àpòmù

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, Làtífù gbé àpótí oúnjẹ ilé rẹ̀ rù láti Ìkirè, ó dorí kọ Àpòmù. Àgádágodo ẹnu àpótí náà ń gbá a létí bó ti ń rìn. Àwọn tó pàdé rẹ̀ lọ́nà ń bi í pé ṣé ó ń kó kúrò nílé ni. "Rárá o," ló ń dá wọn lóhùn, "àpótí yìí ló ń lọ kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Kọ́kọ́rọ́ àpótí náà wà ní Àpòmù, lọ́wọ́ Ràímì télọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Làtífù fúnra rẹ̀ ló fi í pamọ́ síbẹ̀. Ó ti rò ó pé bí òun bá lọ gba kọ́kọ́rọ́, kí òun tún tó padà sílé wá ṣí àpótí, ìrìn náà á pọ̀ jù. Kí àpótí kúkú tẹ̀ lé òun.

"Ràímì, mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Ràímì ò tilẹ̀ gbójú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Ebi ni, àbí ọ̀rọ̀?"

"Ebi ni! Láti àárọ̀, omi lásán ni mo..."

Ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tó fi gùfẹ̀. Gùfẹ̀ ńlá ni, òórùn ẹ̀wà àti àlùbọ́sà ló gbé jáde. Ràímì fọwọ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ kúrò níwájú imú. "Omi yẹn," ó ní, "wọ́n sè é jinná dáadáa."

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má pe Làtífù ní wọ̀bìà. Nínú oṣù ààwẹ̀, nígbà tí àwọn géńdé bá ń bẹ oòrùn pé kó tètè wọ̀, Làtífù á wà lóko, á máa kọrin. Apá ebi ò ká a. Ìbànújẹ́ ló mọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

Ayé òyìnbó ni nígbà náà. Kòkó ló ń kọ́lé, kòkó ló ń gbé ìyàwó. Àfi bí àrùn ṣe wọ inú oko. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé àáké dé, wọ́n ní bí igi kan bá ṣàìsàn, àwọn tó yí i ká náà gbọ́dọ̀ bá a lọ. Kòkó tí Làtífù àti bàbá rẹ̀ tó ti kú jọ gbìn ni wọ́n gé lulẹ̀ lójú rẹ̀. Kò sunkún, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó wálé, ó jókòó ti igbá dòdò tí Nàfísátù ìyàwó rẹ̀ fẹ́ gbé lọ tà fún àwọn èrò ọkọ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán, tòun ti ata tó ṣẹ́ kù nídìí igbá. Nàfísátù sáré gbé omi fún un. Ó mu omi tán, ó béèrè bóyá àkàrà wà nílé.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá jókòó sí àyè rẹ̀ ní mọ́sáláṣí, dòdò ni. Bí òjò ò bá rọ̀, dòdò ni. Bí òjò bá wá rọ̀ jù, dòdò àti ẹran ni. Nígbà tó yá, ó sanra débi pé kò lè rìn dé odò tó wà lọ́nà oko mọ́ kó má mí hẹlẹhẹlẹ.

Nàfísátù fara dà á títí, ó sú u. "Baba Mùnírátù," ó ní, "ọjà mi lẹ ń jẹ, ara yín náà lẹ sì ń jẹ. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, èmi àti ọmọ mi á kó lọ sílé bàbá mi ní Ìkirè-Ilé."

Ẹ̀rù ba Làtífù. Ó so apẹ̀rẹ̀ dòdò mọ́ igi àjà, ó ní ohun tọ́wọ́ ò bá ti tó, ojú á gbàgbé rẹ̀. Kò pẹ́ tí nǹkan fi dún gbì nínú yàrá. Nàfísátù sáré wọlé, ó bá ọkọ rẹ̀ nílẹ̀, àga ti kán sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì kún.

"Eku ni," ni Làtífù wí. "Mo ní kí n lé e ni."

Nàfísátù gbójú sókè wo apẹ̀rẹ̀. "Ṣé eku náà ló fi fìlà yín sínú dòdò?"

Làtífù wá ra àpótí àti àgádágodo, ó kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì fún ìyàwó rẹ̀. Nàfísátù so wọ́n mọ́ etí ìró. Lọ́jọ́ kejì, nǹkan kan bí Làtífù nínú, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìyàwó rẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀, kò halẹ̀, Àṣàkẹ́, oríkì ìyàwó rẹ̀, ló kàn ń kì. Ó kì í dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, Nàfísátù rẹ́rìn-ín. Ó kì í dé ọ̀dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀, orí rẹ̀ wú. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ti kúrò létí ìró.

Ojú ti àwọn méjèèjì. Nàfísátù mú kọ́kọ́rọ́ kan, ó sì búra pé oríkì kankan ò ní gbà á lọ́wọ́ òun mọ́. Ṣùgbọ́n Làtífù ní ọkùnrin ò gbọ́dọ̀ di ẹlẹ́wọ̀n nínú ilé ara rẹ̀, ló bá mú èkejì lọ fún Ràímì.

"Bí mo bá wá," ó ní, "bi mí pé ebi ni, àbí ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ebi, fún mi. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ ná."

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, lẹ́yìn tó gùfẹ̀ tán lọ́jọ́ tó ru àpótí wá, ńṣe ló jókòó lé àpótí náà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tinú rẹ̀. Ó ní, "Mo gba oko kọjá láàárọ̀. Kùkùté kan ti rúwé, ewé tútù báyìí. Àwọn òṣìṣẹ́ tún ti wá gé e. Ọwọ́ bàbá mi ló bo ìdí igi yẹn, Ràímì. Èmi ni mo bomi sí i."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ràímì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Kò ní kó má sunkún. Ó na àjákù aṣọ kan sí i, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa bàbá náà, bó ṣe máa ń fi orúkọ àwọn àna rẹ̀ pe àwọn ọ̀bọ tó ń jẹ kòkó rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ títí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Ràímì mú kọ́kọ́rọ́ jáde. "O ti sọ̀rọ̀ tán. Bó bá ṣì ń wù ọ́, jẹun."

"Kò fi bẹ́ẹ̀ wù mí mọ́," ni Làtífù wí, "ṣùgbọ́n mo ti rù ú débí ná."

Ó ṣí i. Ọmọ ọlọ kan ṣoṣo ló sùn sínú àpótí. Nàfísátù ti rí ojú ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, ó ti kó gbogbo dòdò lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì ti fi òkúta dípò rẹ̀ kí àpótí má bàa fúyẹ́.

Làtífù wò ó títí. "Mo mọ̀ pé ìyàwó mi gbọ́n," ó ní, "mi ò mọ̀ pé ọgbọ́n rẹ̀ wúwo tó báyìí." Ó sì tún rù ú padà sí Ìkirè, torí ata alẹ́ ò lè lọ ara rẹ̀.

Kò di ẹni mímọ́ lọ́jọ́ yẹn o. Ìgbà mìíràn wà tí dòdò á ti tán kó tó rántí pé ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Àpòmù láìru nǹkan kan, kó lè jókòó ti Ràímì, kó sì sọ tinú rẹ̀. Nàfísátù ò lọ sí Ìkirè-Ilé. Làtífù gbin kòkó mìíràn, ó jẹ nínú rẹ̀, ó gbé ọmọ Mùnírátù jó, ó dàgbà, ó sì kú nínú oorun.

Ràímì ti darúgbó nígbà náà, ojú rẹ̀ ò ríran tààrà mọ́, ṣùgbọ́n ó ní ẹnikẹ́ni ò ní bá òun gé aṣọ funfun tí wọ́n máa fi sin ọ̀rẹ́ òun. Ó gé e fúnra rẹ̀. Ààfáà tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó wò ó, ó rọra sọ pé, "Baba, aṣọ yìí ti fẹ̀ jù. Olóògbé ti rù kó tó lọ."

"Mo mọ̀," ni Ràímì wí. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kó há a mọ́ra."

Nàfísátù ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láàárín ẹkún, kò sì lè pa á mọ́ra. Ààfáà wo àwọn méjèèjì, ó ká aṣọ náà dáadáa, kò gé nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀.