Ọyẹ́ Kì í Ṣe Ọlidé

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọyẹ́ kan mú ní Ìlobù tó jẹ́ pé ìyá mi kò gbé àgbàdo sórí ọlọ mọ́. Yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan, yóò dà á sí mi lẹ́nu, òtútù yóò máa mú eyín mi lu ara wọn kẹ̀kẹ̀kẹ̀, iyẹ̀fun kúnná yóò sì máa dà sínú igbá. Àwọn ará àdúgbò tò síwájú mi. Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ wo ẹnu mi: eyín mélòó ló kù níbẹ̀?

Òórùn òwúrọ̀ ìgbà náà kò tíì kúrò nímú mi: òrí tí ìyá mi ń yọ́ lórí ẹyin iná láti fi pa wá lẹ́sẹ̀, àti èéfín igbó tó ń jó lókèèrè. Epo pupa dì sínú ìgò. Ètè gbogbo wa ti là. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ ni.

Sìdíkátù, ọmọ ọmọ mi, ló ru ọ̀rọ̀ yìí sókè. Àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ti wà nílé láti ìgbà òjò títí ọyẹ́ fi dé. Ó ní, “Bàbá àgbà, kí lẹ ń pe wíntà ní Yorùbá?” Mo ní ọyẹ́. Ó ní ọyẹ́ kọ́, pé ti ìlú òyìnbó máa ń gba oṣù mẹ́ta, yìnyín á bo ilẹ̀, àgbẹ̀ kò sì ní lọ sóko. Mo ní ó di ìgbà ọ̀gìnnìtìn nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, torí mo ti gbọ́ nípa wíntà yẹn rí, ó sì kó bá wa.

Tíṣà wa ní ìwé kejì ló sọ ọ́. (Ìwé kẹta ni mo ti sá kúrò, ẹ má bi mí léèrè ìdí.) Ó ní nílùú òyìnbó, bí òtútù bá dé, àgbẹ̀ á fi ọkọ́ kọ́ ara ògiri, á yáná, á máa jẹ ohun tó kó jọ. Mo sáré délé lọ bá bàbá mi níbi tó ti ń pọ́n àdá, mo ní ó yẹ kí àwa náà ní ọlidé ọyẹ́.

Bàbá ní, “Làmídì, orúkọ pọ̀ fún ọyẹ́ nínú ilé yìí. Ìgbà kíkọ ebè wà. Ìgbà gígé koríko òrùlé wà. Ìgbà líla ọ̀nà iná wà. Ọlidé nìkan ni n kò bá níbẹ̀. Ẹni tó bá sun oorun ọyẹ́, ebi òjò ni yóò jí i.”

Ọ̀nà iná ni ilẹ̀ tí a máa ń ro yí oko ká, tí a óò gbá ewé kúrò lórí rẹ̀ títí yóò fi mọ́ bí àgbàlá, kí iná igbó lè débẹ̀ kó kú. Oko wa àti ti Bàbá Sùlè, ará Ìfọ́n, ìlú tó múlé ti tiwa, fara kan ara wọn. Kálukú a máa ro apá tirẹ̀. Lọ́dún náà, àbúrò bàbá mi ń ṣàìsàn ní ìlú Ẹ̀rìn, Bàbá sì fẹ́ lọ kí i. Ó ní, “Ro apá tiwa kí n tó dé. Inú àká tó wà lóko yẹn ni gbogbo èbù iṣu tí a óò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ wà.”

Mo sì ro ó, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ro ó láti ìyálẹ̀ta, ọwọ́ mi bó, ọkọ́ ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo ṣe ní kí n sinmi ni iná dé láti inú ọ̀dàn. Ó dúró létí ọ̀nà tí mo là, ó wò mí lójú, ó fà sẹ́yìn bí àgbò, ó sì fò ó! Òórùn iṣu sísun gba gbogbo oko. Ó ń ta sánsán, ẹnu mi ń dami, ojú mi sì ń dami.

Nígbà tí Bàbá dé, mo dọ̀bálẹ̀ nínú eérú. “Bàbá, iná fò ó ni.” Bàbá yíjú sí Bàbá Sùlè. Apá tirẹ̀ mọ́ tónítóní, iná kò kọjá ibẹ̀. Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Bàbá Làmídì, iná ọdún yìí lágbára o. Ó fò ó ni.” Lọ́jọ́ kejì, ó ru agbọ̀n èbù méjì wá láti inú àká tirẹ̀. Òun la gbìn.

Oko yẹn ti di igbó báyìí. Ìjà ilẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì kò jẹ́ kí ará Ìlobù débẹ̀, kò jẹ́ kí ará Ìfọ́n débẹ̀. Ilẹ̀ náà ti gba ọlidé. Àwọn ọmọ Bàbá Sùlè àtàwọn ọmọ mi kì í kí ara wọn lọ́jà mọ́.

Sìdíkátù tún bi mí lánàá pé, “Tèmi tí mo jókòó sílé yìí ńkọ́, Bàbá àgbà, kí ni orúkọ rẹ̀?” Mo wá a títí, n kò rí i. Ó ti rẹ̀ mí. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà rí oorun sùn nígbà tí iṣẹ́ wà nílẹ̀. Èmi tí mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ mí níṣẹ́ mọ́, n kò rí oorun sùn.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ẹ ti mọ̀ pé eyín mi kò lọ àgbàdo. Ṣùgbọ́n iná kò fo nǹkan kan, torí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí yóò fò. N kò fi ọkọ́ kan ilẹ̀ lọ́jọ́ náà. Abẹ́ igi mángòrò ni mo jókòó sí, tí mo ń ṣe wíntà, mo sì sùn lọ fọnfọn. Bàbá Sùlè ló jí mi, nígbà tí èéfín ti bò mí mọ́lẹ̀.