Ẹni Tó Wẹ Ìyá Rasheedat

Bí obìnrin Mùsùlùmí bá kú ní àdúgbò Òkèrèwè, Ṣàkírátù ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí. Irú ló ń tà, ṣùgbọ́n irú kọ́ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ó máa ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ títí òórùn irú yóò fi lọ, kó tó wọ yàrá lọ bá òkú.

Ìyá àgbà kan láti Ìwó ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún un ni pé, "Ohunkóhun tí ojú ẹ bá rí lára òkú, jẹ́ kó bá òkú wọlẹ̀. Òkú ò lè fa aṣọ bo ara rẹ̀ mọ́." Ṣàkírátù ti rí oyún tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nípa rẹ̀. Ó ti rí ojú ẹgba lẹ́yìn ìyàwó ẹni ńlá. Kò sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ pàápàá títí ìyẹn fi kú.

Habibah ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà ọmọge ni wọ́n ti jọ ń lọ sí asalátù. Nínú ọdún tí Habibah lò kẹ́yìn láyé, kì í fẹ́ jókòó ti ẹnikẹ́ni mọ́, lọ́fínńdà rẹ̀ sì ń ta síni nímú láti ẹnu ọ̀nà.

"Habibah, ṣé ọkọ tuntun lò ń wá ni?"

"Tó bá yá, ìwọ ni màá fi ṣe alárinà," lèyí fèsì, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó kú, àwọn ará ilé ní ibà ni. Ọjọ́ tí Ṣàkírátù tú aṣọ lára rẹ̀ ló mọ ohun tí lọ́fínńdà náà ń bò. Ó ní kí obìnrin tó ń bá a bu omi jáde. Àkísà ló lẹ̀ mọ́ àyà òsì. Nígbà tó fi omi rin ín títí tó fi ṣí i, ó rí i pé ọmú náà ti jẹrà, awọ tó yí i ká sì le bí èèpo igi. Ó fi òwú àti kàfúrà tí ń lé òórùn dí i, ó sì fi aṣọ funfun wé ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Àbúrò Habibah dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ẹ ò bá nǹkan kan?"

"Mi ò bá nǹkan kan."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ibẹ̀ ni Ṣàkírátù ti mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló mọ̀.

Ọdún kejì ni Rasheedat, ọmọ kan ṣoṣo tí Habibah bí, wá bá a. Tíṣà ni. Ó ti ilẹ̀kùn, ó mú ọwọ́ Ṣàkírátù, ó gbé e lé ọmú ara rẹ̀. Kókó kan wà níbẹ̀ tó tó kóró àgbálùmọ̀. Kò dùn ún, ó sì ń yọ̀ lábẹ́ ìka.

"Dókítà ní ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ lára ọ̀dọ́ kì í ṣe jẹjẹrẹ," ni Rasheedat wí. "Àmọ́ ó ní ọwọ́ lásán ò lè sọ. Ó ní kí n lọ ya àwòrán ọmú, kí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ mú bíńtín nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò."

"Ṣé o ti lọ?"

"Kí n jẹ́ kí wọ́n fi irin kàn án? Wọ́n ní ńṣe ló máa ń ràn. Wọ́n bi mí bóyá jẹjẹrẹ ti ṣe ẹnì kan rí nílé wa, mo ní rárá o. Ibà ló pa màámi. Kò sí i nínú ẹ̀jẹ̀ wa, Ìyá."

"Lọ ṣe àyẹ̀wò náà."

"Màá lọ." Ohùn ẹni tí kò ní lọ ló fi sọ ọ́.

Ṣàkírátù tọ Àáfà Abdulmumin lọ. Ó bi í pé bí ẹni tó wẹ òkú bá rí ohun tó lè gba alààyè là, kí ni kó ṣe?

"Ta lo wẹ̀?"

"Mi ò lè dárúkọ rẹ̀, Àáfà."

Àáfà rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà le o! Ìtìjú òkú ni Ọlọ́run ní ká bò. Kò ní ká fi aṣọ bo iná tó ń jó ilé." Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Àmọ́ àwọn èèyàn ò ní wá bi mí kí wọ́n tó bínú sí ẹ."

Ṣàkírátù bá Rasheedat nílé, níbi tó ti ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ iléèwé. Ó sọ ohun tó rí lára ìyá rẹ̀ fún un. Rasheedat ò pariwo. Ó rọra gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ ti mọ̀ látìgbà yẹn?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ wá ń gbọ́ mi tí mò ń sọ pé ibà, ibà, ẹ sì ń wò mí?"

Ó lọ ṣe àyẹ̀wò náà. Kí èsì tó dé, àbúrò Habibah ti gbọ́, ó ti dé ìsọ̀ Ṣàkírátù. "Ẹ̀yin tá a fi òkú lé lọ́wọ́! Ẹ wá pàtẹ ọmú ẹ̀gbọ́n mi sọ́jà, ẹ tò ó ti irú! Ta ló tún máa gbé òkú ẹ̀ fún yín?"

Ọ̀rọ̀ náà tàn dé Sábó. Nígbà tí obìnrin kan kú nílé tó wà lẹ́yìn ògiri Ṣàkírátù, Ìlódè ni wọ́n ti lọ pe ẹni tó wẹ̀ ẹ́. Ó jókòó nílé, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà, ó sì mọ ibi tí ọwọ́ wọ́n dé lára òkú.

Rasheedat mú èsì wá fúnra rẹ̀. "Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kókó lásán ni. Wọ́n ní mo lè ní kí wọ́n yọ ọ́, mo sì lè fi í sílẹ̀."

"Alihamudulilahi!" Ṣàkírátù forí kanlẹ̀. Nígbà tó gbé e sókè, ojú ọmọ náà ò tú ká.

"Mo ti sọ ti màámi fún dókítà. Ó ní nítorí tiwọn, ọdọọdún ni kí n máa wá fún àyẹ̀wò." Ó wolẹ̀. "Apá ibo ni?"

"Òsì."

"Ṣé ó ti pẹ́?"

"Ó ti pẹ́."

"Màámi mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa wẹ àwọn. Wọ́n mọ̀ pé ẹ máa rí i. Kí ló dé tí wọn ò sọ fún yín nígbà tí wọ́n wà láàyè?"

"Bóyá ó mọ̀ pé màá fà á lọ sílé ìwòsàn."

"Ṣé ẹ̀ bá fà wọ́n lọ?"

"Ǹ bá fà á lọ," ni Ṣàkírátù wí. Ó tún un sọ nígbà tí Rasheedat ti dìde, tó ti jáde lọ.