Ọjọ́ Tí Mo Bẹ Obìnrin Tí Mò Ń Jowú Rẹ̀ Pé Kó Wá Jẹ́rìí Fún Wa

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí ọkọ mi, ní ọdún díẹ̀ kí òmìnira tó dé. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti bi mí pé kí ni ẹbí lè ṣe bí ọtí bá ti gba ènìyàn wọn lọ́wọ́ wọn. Mo mọ ohun tí àwa ṣe. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín o, kì í ṣe ọgbọ́n ló gbé mi dé kóòtù. Owú ni.

Lámídì lorúkọ ọkọ mi. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni, nínú agbo ilé bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ilé mùsùlùmí ni ilé wa, a ò mọ ọtí níbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti ogun Bọ́mà dé ló kọ́kọ́ ń mú un jáde. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni nígbà náà. Nígbà tó yá, kò sí ọjọ́ tó yọ sílẹ̀ mọ́. Ogógóró ni wọ́n ń mu, ọtí tí ìjọba fòfin dè láyé ìgbà yẹn, tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀.

Ẹ mọ iṣẹ́ wúrà. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò lè ṣe é. Ọkọ mi á jókòó níwájú ẹwìrì, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, wúrà oníwúrà á sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Abọ́ tánganran tí mò ń tà ní Apọ́ngbọ̀n ló ń bọ́ ilé.

Ìyẹn dùn mí, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló ń ru inú mi. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tó ń rù ú? Obìnrin tó ń ta ọtí náà fún un ni.

Kọ́mfọ́ọ̀tì lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni, opó ni, ó ní yàrá kan lẹ́yìn ọjà Sandgrouse. Ó pupa, ó yọ èjí, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo lọ ra ẹ̀wà lọ́jà náà, mo bá yà lọ wo ibẹ̀. Ẹ̀yìn àpò ẹ̀wà ni mo dúró sí. Mo rí ọkọ mi lórí bẹ́ǹṣì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi, tí kì í bá mi sọ ju gbólóhùn kan lọ nílé! Kọ́mfọ́ọ̀tì sọ nǹkan kan fún un, ó wá fi etí ìró rẹ̀ nu ẹnu fún un.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, kí ni ẹ̀ bá ṣe? Èmi padà sílé láì ra ẹ̀wà kankan.

Ẹ má rò pé n kò lè bá orogún gbé. Ìyàwó púpọ̀ ló wà nílé tí wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n orogún a máa kí ìyálé, a máa gbálẹ̀, a máa bá wọn dáná. Èyí kò kí mi, kò gbálẹ̀ fún mi, ó kàn ń gba ọkọ mi lọ díẹ̀díẹ̀ ni.

Mo fẹjọ́ sun ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Ẹ̀gbọ́n Búraimọ̀, tó jẹ́ olórí ilé. Wọ́n ní Lámídì kò gbọdọ̀ jáde mọ́. Wọ́n tì í mọ́ yàrá. Ohun rere ni Ẹ̀gbọ́n ní lọ́kàn, ta ni yóò sì sọ fún wa nígbà náà pé ọtí tó ti wọ ara láti ọjọ́ pípẹ́, a kì í já a gbà lẹ́ẹ̀kan náà bẹ́ẹ̀?

Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n látòkè délẹ̀. Ó ń làágùn. Ó ní eèrà ń rìn lára ògiri, a kò rí eèrà kankan. Mo gbé omi sí i lẹ́nu, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi. Ṣé ẹ mọ orúkọ tó ń pè? Kọ́mfọ́ọ̀tì. Ó ń pè é bí ọmọ ṣe ń pe ìyá rẹ̀. Mo gbé orí rẹ̀ kúrò lórí itan mi, mo jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, oòrùn ti là, ó já ilẹ̀kùn. Ó wọ ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó fi ẹwìrì fẹ́ iná, ó kó ẹyin iná, ó ní òun fẹ́ fi sun eèrà náà. Bẹ́ẹ̀dì ló dà á sí. Sàlámọ̀, ọmọbìnrin wa kékeré, ló sùn síbẹ̀.

Àwọn ará ilé ló bá wa pa iná náà. Ọlọ́run yọ ọmọ náà, ṣùgbọ́n apá òsì rẹ̀ jóná. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ló di bàbá rẹ̀ mú, ó sì ń sunkún pé kí a jẹ́ kí òun parí iṣẹ́.

Ẹbí pàdé. Àwọn kan ní ká mú un lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Agége, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó máa ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de irú wọn, tó sì máa ń nà wọ́n. Àwọn kan ní ká pe àwọn àlùfáà sí àdúrà. Ẹ̀gbọ́n Búraimọ̀ ní ohunkóhun tí a bá fẹ́ ṣe, kó má jáde kúrò nílé, kí orúkọ bàbá àwọn má bàjẹ́. Mo pọn ọmọ mi, mo wé gèlè, ó di kóòtù. Mo fẹ́ pe Kọ́mfọ́ọ̀tì lẹ́jọ́ pé ó gba ọkọ mi.

Akọ̀wé kan tó ti dàgbà ló gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Ó béèrè bóyá mo ká wọn mọ́ orí ẹní. Mo ní rárá. Ó ní kí ni mo wá rí? Mo ní obìnrin náà fi etí ìró nu ẹnu ọkọ mi. Ó wò mí títí. Ojú rẹ̀ wá lọ sí ẹ̀yìn mi.

"Ìyá, ta ló sun ọmọ yín lápá?"

"Bàbá rẹ̀ ni."

"Ẹ jókòó," ló wí, ó sì fa àga fún mi.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Ó ní ẹjọ́ tí mo gbé wá kọ́ ni ẹjọ́ mi. Ó ní òfin wà pé bí ọpọlọ ènìyàn bá ti dàrú débi tó lè pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn lára, yálà ọtí ló fà á ni o tàbí nǹkan mìíràn, ẹbí rẹ̀ lè wá búra níwájú adájọ́. Adájọ́ á ní kí dókítà ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò. Bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, adájọ́ lè pàṣẹ kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù àwọn alárùn ọpọlọ, kó máa gba ìtọ́jú níbẹ̀.

Mo bi í bóyá ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fẹ́ sọ ọkọ mi sí.

"Ọsibítù ni, Ìyá. Bí ara rẹ̀ bá yá, á padà wálé."

Ó ní ó dára kí ẹnì kan tó bá a tan wá, kí ẹnì kan tí kì í ṣe ẹbí sì wá pẹ̀lú, ẹni tó ti fojú ara rẹ̀ rí bó ṣe ń mu ún àti ohun tó ń sọ ọ́ dà, kó má baà dà bí ẹni pé ẹbí fẹ́ lé e kúrò nídìí ogún.

Ẹ̀gbọ́n Búraimọ̀ kọ́kọ́ kọ̀. N kò bá wọn jà. Mo kàn sọ Sàlámọ̀ kalẹ̀ níwájú wọn, mo tú aṣọ tí a fi wé apá rẹ̀ pé mo fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n wo apá ọmọ náà. Wọ́n ní ọjọ́ wo ni kóòtù?

Ó wá ku ẹlẹ́rìí. Àwọn aládùúgbò ní àwọn ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọba. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń mutí sá. Ta ló wá kù? Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Kọ́mfọ́ọ̀tì, ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Ẹ káàsán, Ìyá Sàlámọ̀. Apá ọmọ ńkọ́?"

Ìròyìn iná náà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì mọ orúkọ ọmọ mi. Ó ní ọkọ mi máa ń sọ̀rọ̀ wa. Èyí tún dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kí ló ń sọ fún un nípa mi, tí kò lè sọ sí mi létí?

Mo sọ ohun tí mo bá wá. Ó dìde nílẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé bí mo bá dúró níwájú adájọ́ tí mo ní èmi ni mò ń ta ogógóró fún un, ọlọ́pàá ò ní fi mí sílẹ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ọtí yìí ló pa ọkọ tèmi. Inú ọ̀sà ló ṣubú sí. Ìgò nìkan ló fi sílẹ̀ fún mi, ni mo bá ń tà á." Ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ìró yẹn náà. "Ti Lámídì, mo ti ń bu omi là á tipẹ́. Kò mọ̀."

Òun ń bu omi là á; èmi ìyàwó ilé, n kò rí nǹkan kan ṣe sí i. Mo wá bi í tààrà pé kí ló wà láàárín òun àti ọkọ mi.

"Bẹ́ǹṣì ló wà níbẹ̀, Ìyá Sàlámọ̀. Ó máa ń jókòó síbẹ̀ sunkún, mo sì máa ń nu ojú rẹ̀. Màá wá."

Ǹ bá gbà á gbọ́ kíákíá ká ní kò rẹwà tó bẹ́ẹ̀.

Dókítà ti yẹ ọkọ mi wò kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé. Lọ́jọ́ náà, Ẹ̀gbọ́n Búraimọ̀ búra, èmi náà búra, mo sọ bí iná ṣe ṣẹlẹ̀. Ó wá kan Kọ́mfọ́ọ̀tì. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló wọ̀. Adájọ́ béèrè láti ẹnu ògbufọ̀ pé irú ọtí wo ni Lámídì ń mu. Ọlọ́pàá kan dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ogógóró ni, Sà. Èmi ni mò ń tà á fún un."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ bí ọwọ́ Lámídì ṣe máa ń gbọ̀n títí á fi mu ife àkọ́kọ́. Ó ní kò lè jẹun mọ́. Ó ní ó máa ń pe ìyá rẹ̀ tó ti kú, á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Èmi tí mò ń sùn tì í, n kò mọ̀ pé ó ń bẹ ìyá rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yìí nínú ọkàn mi, mo sì tún ń fẹ́ kí ilẹ̀ gbé e mì.

Adájọ́ pàṣẹ. Wọ́n gbé ọkọ mi lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ọlọ́pàá ya wọ yàrá Kọ́mfọ́ọ̀tì. Wọ́n fọ́ gbogbo ìgò rẹ̀, wọ́n mú un lọ. Ẹ̀gbọ́n Búraimọ̀, tí kì í fẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọba, ló lọ dúró fún un ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Oṣù díẹ̀ ni ọkọ mi lò níbẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, kò mọ̀ mí. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó béèrè Sàlámọ̀, ó sunkún. Mo ní ó tán, ọkọ mi ti padà sọ́wọ́ mi. Àfi bó ṣe ní, "Kọ́mfọ́ọ̀tì ńkọ́?"

Mo gbé owú náà mì. Mo sọ ohun tí obìnrin náà ṣe fún wa fún un, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí lẹ́yìn rẹ̀. N kò yọ ọ̀kan kúrò.

Nígbà tó padà sílé, òrùka ló kọ́kọ́ ṣe. Ó gbé e fún mi, ó ní òun kò fẹ́ gbé ẹsẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Kọ́mfọ́ọ̀tì mọ́ láyé, pé kí n bá òun mú un lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mú un lọ. Mo bá a nínú ọjà níbi tó ti ń ta edé gbígbẹ. Ó fi òrùka náà sí ìka. Ó ṣe déédéé, kò há, kò sì tú. Ta ló wọn ìka rẹ̀? Nígbà tí mo bi ọkọ mi, ó ní ojú ni alágbẹ̀dẹ wúrà fi ń wọn ìka. Ó lè jẹ́ òótọ́. Títí dòní, mo ṣì ń rò ó.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ nìyí. Bí ọtí tàbí igbó bá ti ń da orí ènìyàn yín rú, ẹ má tì í mọ́lé fúnra yín, ẹ má sì mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò de é mọ́lẹ̀. Ẹ bi àwọn tó mọ òfin ohun tí ẹbí lè ṣe, kí iná tó dé orí bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Ẹ wá ẹni tó mọ ìwà rẹ̀ jù kó wá jẹ́rìí, ì báà jẹ́ ẹni tí ojú yín kò fẹ́ rí.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti gbé ọkọ, ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ dé iwájú adájọ́ rí, báwo ló sì ṣe rí lára yín? Ẹ sọ tiyín, ẹ má tijú. Bó bá sì jẹ́ owú ló ń jẹ yín bó ṣe jẹ mí, ẹ jẹ́ kó gbé yín débi tí ìrànlọ́wọ́ wà. Ọkọ tó wà láàyè la ń jowú lé lórí.