Ẹja Túsìdeè Tí Màmá Àyọ̀kẹ́ Jẹ

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe ń rẹ èèyàn, ẹ wo Màmá Àyọ̀kẹ́, ẹlẹ́ja ilé wa ní Fante New Town. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá ẹ̀, ṣùgbọ́n Kùmásí níbí ni wọ́n bí i sí. Tó bá fẹ́ jókòó, á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀: "Hùùn, yà Àlláà," orúnkún ẹ̀ á dáhùn, kó! Èmi náà lè sín in jẹ, ó sì máa ń jọ ọ́ gan-an.

Rélùwéè Sekondi létí òkun ló ń gbé ẹja wá fún un. Á fọ̀ ọ́, á yan án, èéfín á sọ ojú ẹ̀ di pupa. Sátidé kan lọ́dún 1955, ó tú agbọ̀n, ẹja kékeré kan yọ láàárín àwọn yòókù. Kò ju ìka lọ. Ó dúdú bí èédú, ojú ràbàtà, àmì funfun tò sí i níkùn bíi bọ́tìnnì.

Akosua tó ń se oúnjẹ tà ní Bantama wà níbẹ̀. Ohun tó bá rà làwọn oníbàárà yòókù ń rà, torí apẹja ni bàbá ẹ̀. Ó fò sẹ́yìn.

"Ebei! Maame, ẹja Benada nìyí! Ẹja Túsìdeè! Òkun ló ni ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ ọ́. Ìsàlẹ̀ tí oòrùn ò dé ni nǹkan yìí ń gbé. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á kú. Gbogbo agbọ̀n yìí, mi ò rà!"

Àwọn yòókù gbé abọ́ wọn, wọ́n fẹ́ máa lọ. Òjò sì ti pa igi ìdáná, kò sí bó ṣe fẹ́ yan odindi agbọ̀n. Tí ẹja inú agbọ̀n yẹn bá di ọ̀la, ìdin ló máa rà á.

Màmá ò bínú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìbínú. "Ohun tó bá tinú òkun wá, alfa ní kò sí èèwọ̀ ńbẹ̀." Ó fi èédú díẹ̀ tó kù yan ẹja kékeré yẹn, ó ní "Bísímílà," ó jẹ ẹ́ tegungun-tegungun.

"Ó dùn?" Akosua bèèrè.

"Ó korò díẹ̀."

Akosua ní àwọn á dúró di Aláásárì. Tí kò bá kú, àwọn á rà. Màmá tẹ́ ẹní, ó sùn lójú ọ̀sán, ohun tí mi ò rí rí. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde wá koná. Akosua fúnra ẹ̀ ló ń bá a lé eṣinṣin.

Ládàánì pè. Akosua fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀.

"Maame! Ẹ ò kú!"

Màmá la ojú kan. "Ṣé ẹ máa rà á báyìí?"

"A máa rà á!"

"Ó dáa, ẹ máa ṣà á. Ẹ jẹ́ kí n tún kú díẹ̀ sí i."

Ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kó!