Ìdí Ṣẹ́ẹ̀tì Orval

Ní àgọ́ ọdẹ kan lórí òkè ní Pennsylvania, ẹni tó bá yìnbọn sí àgbọ̀nrín tí kò bà á, wọn á gé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ́ ara ògiri. Ti Orval Kessler kò sí níbẹ̀ rí. Ṣakabùlà ló ń lò, ọta kan ṣoṣo ló sì ń gbé, nítorí náà kì í yìn ín àfi bó bá rí ìpéǹpéjú ẹran.

Lọ́dún kan, Wendell, àbúrò ìyàwó rẹ̀, yìnbọn pa akọ àgbọ̀nrín oníwo ńlá láti òdìkejì àfonífojì, gbogbo àgọ́ sì ń kì í.

"Bọ̀dá Orval," ni Wendell wí, "ṣé ìpéǹpéjú la máa jẹ lálẹ́ òní?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Owú ò jẹ́ kí Orval lè jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, ó rí akọ kan lókèèrè. Ó mọ̀ pé ó jìnnà jù, ó sì yìn ín. Ẹsẹ̀ lọta bà. Ó tọ ẹ̀jẹ̀ lórí yìnyín títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀, kó tó rí ẹran náà pa.

Wendell pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Bọ̀dá, ẹ ti dọ̀gá! Báwo ló ṣe jìnnà tó?"

Orval fa ìdí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yọ nínú ṣòkòtò. "Mú ọ̀bẹ wá."

"Ṣebí ẹ pa á?"

"Ibi tí mo fojú sùn kọ́ ló bà. Gé e, jàre."

Wendell gé e, Orval fúnra rẹ̀ sì kàn án mọ́ ògiri. Síbẹ̀, bó ti jókòó, ṣẹ́ẹ̀tì Wendell tó ṣì pé pérépéré lojú rẹ̀ ń lọ sí.